Ohùn Inú Fídíò Tí Kò Fẹ́ Ṣí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòtún níbí, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ òsì yẹn ti ń gbé yín dé ìta? Mo kí bàbá mi lọ́tọ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní yàrá ẹ̀yìn, mo sì kí gbogbo àwọn ìyàwó ilé. Mo mọ̀ pé Múálíìmù ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, nítorí náà mo kí àwọn náà. Ẹ jọ̀ọ́, Múálíìmù, ẹ rọra kà á. Bí ẹ bá dé ibi tó le, ẹ má fò ó.

Ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti mú Sìdíkà kúrò lọ́wọ́ Àǹtí Káfáyà ni ẹ ti ń bínú sí mi. Ẹ sọ lórí fóònù pé mo ba ọ̀nà àbúrò mi jẹ́, pé n kò fẹ́ kí ẹni tí mo fẹ̀yìn pọ̀n ṣáájú mi dé òkè òkun. N kò lè ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n wá rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo fi ń ránṣọ ní ẹ̀yìn ọjà Ìkòtún. Páànù ni òrùlé rẹ̀, bí òjò bá ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Òjò ọdún yìí sì pọ̀. Omi máa ń dé ẹnu ọ̀nà, tí a ó fi gbé máṣíìnì sórí búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ ń wọlé, mo dúpẹ́, mò ń jẹun. Ohun tó kàn ń ṣe mí ni pé Ìkòtún kún fún èèyàn, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan lè parí kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ tí ẹ sọ mí. Télọ̀ ni gbogbo wọn ń pè mí. Télọ̀, aṣọ mi ńkọ́? Télọ̀, ó fún mi jù. Ìgbà tí Sìdíkà bá pè mí láti ilé nìkan ni mo máa ń gbọ́ orúkọ mi.

Mo ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó rí. Òun ni mo fi ń wá irú aṣọ tó wà lóde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo sì fi ń han àwọn oníbàárà. Ẹ̀rọ náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Bí mo bá tẹ fídíò, ó lè ṣí, ó lè má ṣí. Nígbà míràn, àpótí dúdú kan ni yóò yọ, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí kò lè ṣí irú fídíò yìí. Ó ti mọ́ mi lára. Mo máa ń fi í sílẹ̀ wá òmíràn ni.

Ọ̀sẹ̀ tí Àǹtí Káfáyà wá sí ilé wa ni Sìdíkà pè mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Àǹtí yìí, tó máa ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé ní ìlú àwọn Lárúbáwá, ti yan òun. Ó ní ẹ ti rí fídíò ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Àǹtí, ẹ̀yin àti bàbá mi àti gbogbo agbo ilé, pé ilé ìdáná ibẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó ka àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lára káàdì Àǹtí fún mi kí èmi náà lè wò ó, kí n lè bá òun yọ̀.

Mo bi í pé kí ni àwọn tó wà nínú fídíò náà ń sọ. Ó ní kò sí ohùn. Ó ní Àǹtí sọ pé sípíkà fóònù òun ti bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣàlàyé bí àwòrán ṣe ń lọ. Ó ní ilé ìdáná nìkan ni ẹ rí, Àǹtí pa á kí ojú èèyàn kankan tó yọ. Ẹ̀yin náà, ẹ rántí dáadáa. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí ti Àǹtí Káfáyà?

Mo tẹ àdírẹ́sì náà sínú tábúlẹ́ẹ̀tì mi. Ojú ewé náà ṣí, orúkọ ilé iṣẹ́ kan wà lókè rẹ̀, àpótí dúdú sì wà lábẹ́. Ẹ̀rọ yìí kò lè ṣí irú fídíò yìí. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo tún tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹta. N kò lè sọ ohun tí kò jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bí mo ṣe ń fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ọkàn mi kò ṣá balẹ̀.

Ọkùnrin Ìbàdàn kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, Bọ̀dá Táíwò ni à ń pè é. Fóònù ló ń tún ṣe. Àgbà èèyàn ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà lọ bá a. Ó wò ó, ó ní kò bàjẹ́. Ó ní fídíò kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, pé àwòrán wà lọ́tọ̀, ohùn wà lọ́tọ̀, wọ́n kàn di méjèèjì pọ̀ ni bí ìgbà tí wọ́n di ẹrù. Ẹni tó di ẹrù yìí, ọ̀nà àtijọ́ ló lò, tábúlẹ́ẹ̀tì tèmi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó gbìyànjú ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kò ṣí. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀nà ṣe dáńlóòdù fídíò náà fúnra rẹ̀ sínú mẹ́mórì, ó sì ki mẹ́mórì náà bọ tábúlẹ́ẹ̀tì mi.

Àwòrán kò wá. Ojú rẹ̀ dúdú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn jáde.

Orin ló kọ́kọ́ jáde, orin adùn kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan wá ń sọ èdè òyìnbó, ó ń sọ̀rọ̀ ìdùnnú àti iṣẹ́ àti ìdílé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ní èdè tirẹ̀, èdè tí èmi àti Bọ̀dá Táíwò kò gbọ́. Ó ti fẹ́ pa á, mo ní kó jẹ́ kó parí. Ọmọ kẹrin ló sọ Yorùbá. Orin náà ga ju ohùn rẹ̀ lọ, ni Bọ̀dá Táíwò bá mú ìfetígbọ́ wá, ó fi ẹyọ kan sétí tirẹ̀, ó fi ẹyọ kan sétí tèmi.

Ìyá mi, bí àwòrán bá ti ṣí lọ́jọ́ náà ni, ilé ìdáná funfun yẹn ni ǹ bá máa wò. Òkùnkùn ni mò ń wò, nítorí náà mo gbọ́ ọ. Ohùn ẹni tó ń polówó ọjà ni ọmọ náà fi ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ràbí ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kí n máa rẹ́rìn-ín, mò ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbọ́ èdè wa níbí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan tẹ̀lé Káfáyà wá. Wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà wa. Àwa mẹ́fà la dé, ó ku àwa mẹ́rin. Ẹ má bi mí léèrè ibi tí àwọn méjì wà. Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé mo ṣì wà. Ẹ ṣeun o."

Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, orin gbé ohùn rẹ̀ mì, ọmọ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ èdè tirẹ̀.

Bọ̀dá Táíwò yọ ìfetígbọ́ létí, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni tó gbé ohun tó gbóná. Kò wò mí lójú. Ó ní kí a jókòó, òun fẹ́ yí fídíò náà sí irú èyí tí tábúlẹ́ẹ̀tì lè ṣí. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, iná lọ kó tó dé ìdajì, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Òjò ti ń rọ̀. A jókòó, à ń wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú láàpútọ́ọ̀pù, ó ń fi iye tó kù hàn wá. Ní gbogbo àkókò yẹn, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ Ràbí mìíràn, kí ó má jẹ́ ti àdúgbò wa tí Káfáyà mú lọ.

Àwòrán ṣí. Òun ni. Orúkọ tí mo pè é nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe orúkọ rẹ̀, torí pé n kò mọ ẹni tí yóò kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ ẹni tí mò ń wí. Òun ni ọmọ tó máa ń pọnmi wá fún yín nígbà tí ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbẹ. Wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run fún un, wọ́n gbé àwo fún un mú, ilé ìdáná funfun yẹn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí Àǹtí ṣe sọ. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi di àwo náà mú. Ọwọ́ òsì wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e títí dé ìgúnpá.

Ìgbà yẹn ni mo pè yín. Ẹ ní Sìdíkà ti bá Àǹtí Káfáyà wọkọ̀ láti àárọ̀, pé Èkó ni wọn yóò ti wọ bàálù ní ọjọ́ kejì. Mo pe nọ́mbà Sìdíkà, kò lọ. Ẹ ní Àǹtí ti gba fóònù gbogbo wọn kí ó lè bá wọn fi síìmù ìlú òkèèrè sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo gbọ́ fún yín, ẹ kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ sọ ohun tí ẹ sọ, ẹ sì pa fóònù. Mi ò fi í sínú, ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìgbà tí ẹ pa fóònù yẹn, òjò ti dá, agogo mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá, n kò sì mọ ibi tí ọmọ yín wà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí. Sìdíkà ti sọ fún mi rí pé Egan ni wọn yóò wọ̀ sí, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun, àti pé inú rẹ̀ dùn torí pé Egan kò jìnnà sí mi, òun á yọjú sí mi kí òun tó lọ. Bọ̀dá Táíwò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ti tèmi, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání, a wọ kẹ̀kẹ́. N kò tilẹ̀ ráyè bọ́ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ kúrò lọ́rùn.

Nígbà tí a dé Egan, a rí obìnrin aláṣọ funfun kan tó ń gbá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán. Mo kí i, mo bi í bóyá ó mọ ilé kan tí àwọn ọmọbìnrin máa ń wọ̀ sí. Ó dúró. Ó bi mí bóyá èèyàn ni mo fẹ́ mú wọ ibẹ̀ tàbí èèyàn ni mo fẹ́ mú jáde. Mo ní mo fẹ́ mú èèyàn jáde. Ó fi ọwọ̀ tọ́ka sí gẹ́ètì pupa kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ti ń rí wọn tí wọ́n ń wọlé, pé òun kò tíì rí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun máa ń dárúkọ ilé náà nínú àdúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun láti kàn án.

Bọ̀dá Táíwò dúró sínú kẹ̀kẹ́. Mo kan gẹ́ètì. Mo sọ fún gáàdì pé èmi ni télọ̀ tí Àǹtí ní kó wá wọn àwọn ọmọ fún aṣọ iṣẹ́. Ó wo téèpù ọrùn mi, ó wo mí, ó ní Àǹtí ti jáde lọ gba fíísà, kí n tètè wọ̀n wọ́n. Mo kọjá lára rẹ̀ wọlé.

Àwọn márùn-ún ni mo bá lórí ẹní nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ ní irin. N kò dá Sìdíkà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, irun tí ẹ fi ọwọ́ yín dì láti kékeré. Gbogbo wọn ni wọ́n gé irun wọn. Wọ́n ní dókítà ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Sìdíkà dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo wá kí i pé ó dàbọ̀ ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì, mo sì tẹ fídíò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣí wẹ́rẹ́.

Wọ́n sún mọ́ ọn láti wò ó. Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún un fi sí i. Mo tún un fi sí i. Sìdíkà rọra na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú ọmọ náà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.

"Ràbí ni," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi, Ràbí ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan dìde pẹ̀lú rẹ̀, kò tilẹ̀ mú ẹrù rẹ̀. Mo bẹ àwọn mẹ́ta yòókù. Ọ̀kan ní ọ̀tá Àǹtí ló ṣe fídíò náà. Ọ̀kan kàn ń sunkún, kò dìde. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn wò mí pẹ̀lú sùúrù, ohun tó sọ kò sì tíì kúrò létí mi di òní. Ó ní, "Ṣebí ó ní òun ṣì wà. Èmi náà á wà."

N kò mọ ohun tó ń sá fún nílé tí ó fi lè sọ bẹ́ẹ̀. N kò sì ráyè bi í.

A jáde, àwa mẹ́ta. Gáàdì wo irun orí àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n gé, ó wo mí, ó wo ojú ọ̀nà. Ó ṣí gẹ́ètì, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tí a bá níbẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ wa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí n mú fídíò náà wá. Bọ̀dá Táíwò ti ní èyí tí a dáńlóòdù gan-an ni kí a fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ki mẹ́mórì bọ kọ̀ǹpútà wọn. Àpótí dúdú yọ, kò sí àwòrán, kọ̀ǹpútà wọn kò sì ní sípíkà. Ọ̀gá ní kí a lọ mú irú èyí tó lè ṣí wá. A sáré padà sí Ìkòtún, a sáré padà dé. Ìgbà tí àwa àti àwọn ọlọ́pàá fi dé Egan, gẹ́ètì pupa wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹní wà nílẹ̀. Ẹrù ọmọ Ọ̀yọ́ wà ní kọ̀rọ̀ níbi tó fi í sí. Obìnrin aláṣọ funfun ní bọ́ọ̀sì kan ti kó wọn láti ìdájí. Nígbà tí mo tún tẹ àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, ojú ewé náà kò sí mọ́. Ọ̀dọ̀ wa àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni fídíò náà kù sí.

Sìdíkà wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Irun Sìdíkà ti ń hù, ó ń bá mi gé aṣọ, ó ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, Àǹtí Káfáyà pè mí. Kò bínú. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ kí mi, ó bi mí léèrè iṣẹ́, ó ní kò sí ìjà. Ó ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù mi, òun sì mọ ilé yín, òun á yà kí yín bí òun bá tún wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ó bá dé, ìyá mi, ẹ má ṣe nìkan gbà á lálejò. Ẹ pe Múálíìmù, ẹ pe baálé, ẹ pe gbogbo agbo ilé, kí ọlọ́pàá sì bá a níbẹ̀.

Mo ti fún ìwé ìròyìn kan ní lẹ́tà yìí, kí àwọn ìyá mìíràn lè gbọ́. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò jáde. Èyí tí mo fi rán dírẹ́bà sí yín ti ṣáájú tiwọn nítorí ohun kan. Ìyá Ràbí kò tíì mọ̀. Káfáyà ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń gbádùn, òun náà sì ń sọ ọ́ káàkiri. Ẹ jọ̀ọ́, bí Múálíìmù bá ti kà á tán, kí ẹ mú ọ̀pá yín, kí ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí. Ẹ má rán ọmọdé sí i. Kí ẹ jókòó tì í kí ẹ tó la ẹnu. Iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rán ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́, pé ó ní òun ṣì wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sọ ìyókù. Bí ó bá bèèrè pé oṣù wo ni wọ́n ya fídíò náà, ẹ sọ fún un pé a kò mọ̀.

Ọlọ́run yóò fún yín ní okun láti rin ọ̀nà yẹn. Ọlọ́run yóò dá ọmọ ọlọ́mọ padà. Kò ní fi ẹkún ọmọ pa wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Sìdíkà ní òun kúnlẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọ́ríámọ̀.